Mo Bọ́ọ́lẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà

“I dropped at Ojúẹlẹ́gbà.” Báyìí ni à ń sọ ọ́ ní Sùúrùlérè. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa ní kí á kọ “I got off” bí ó bá jẹ́ dánfó, “I got out of” bí ó bá jẹ́ takisí. Wàhálà ni o! “Bọ́ọ́lẹ̀” kan náà la ní fún dánfó, takisí àti ọ̀kadà, kì í sì í yí padà bí “get” ṣe ń di “got”, ìbáà jẹ́ àná, ìbáà jẹ́ òní.

Màmá mi ń tajà ní Tẹ́júoṣó. Ní ìpàdé òbí kan, àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ “I dropped” lẹ́nu màmá. Láti ìgbà náà, màmá kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó dùn mí, torí kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí màmá ti bọ́ọ́lẹ̀. Màá kọ “got off” fún WAEC, kí n lè gba máàkì. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ màmá pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, ìbáà jẹ́ ní Yorùbá.