Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Kò Gbọ́ Ohùn Alùpùpù Mọ́

Etí ni àwọn mẹkáníìkì alùpùpù ní Atakpamé fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Ìlú olókè ni ìlú wa. Alùpùpù tó bá ń ṣàárẹ̀ kò lè fi àárẹ̀ rẹ̀ pamọ́ bó ti ń gun òkè bọ̀. Ọ̀gá á tẹ́tí, á ní kábúrétọ̀ ló dí, tàbí pé púlọ́ọ̀gì ló kú. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ilẹ̀ Íńdíà mú òfin èéfín ọkọ̀ rẹ̀ le sí i, ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n ń ṣe fún ìlú wọn ni kò ní kábúrétọ̀ mọ́, díẹ̀ nínú irú wọn sì ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. Àpótí kékeré kan ló ń pinnu ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì yóò mu. Calculateur ni à ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọpọlọ ẹ̀rọ níhìn-ín.

Ọpọlọ ẹ̀rọ kì í dún sétí. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀, wáyà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà sì ń gbà lọ gbà bọ̀ lára ọ̀pọ̀ alùpùpù: kọ̀ǹpútà á béèrè, á dákẹ́, èkejì á dáhùn. Nínú ìlànà ISO 14230, àmì 10,400 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kọ̀ǹpútà bá dákẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ọpọlọ ẹ̀rọ á gbà pé àlejò ti lọ, á sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, onízémidjan kan láti àdúgbò Djama gbé alùpùpù rẹ̀ wá. Ó ń kú lójijì lórí òkè. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ọpọlọ ẹ̀rọ ló bàjẹ́, kí ó ra tuntun. Kò tíì san gbèsè alùpùpù náà tán, owó ọpọlọ tuntun sì ju èrè oṣù kan rẹ̀ lọ. Bí ó bá jókòó sílé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó yá a lówó lè wá gba alùpùpù náà. A yí kọ́kọ́rọ́, a so kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ wọlé dáadáa. A tẹ sítátà, ìsopọ̀ já. A tún un so, ó tún já.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ìgbà tí ìsopọ̀ ń já ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Bí ó bá já nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan, kọ̀ǹpútà ni kí ẹ wò: ó lè ti pa ojú USB rẹ̀ láti ṣọ́ bátìrì lò, tàbí kí ó ti fún un ní nọ́ńbà mìíràn tí ètò ìlò yín kò mọ̀. Bí ó bá já nígbà tí ẹ yí ọwọ́ alùpùpù, wáyà kan ti lè gé sínú rọ́bà rẹ̀ níbi ọrùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ló ń já, ariwo iná púlọ́ọ̀gì lè máa da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà, ẹ sì gbé okùn jìnnà sí wáyà púlọ́ọ̀gì. Bọ́tìnnì tí ń pa ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Lára alùpùpù mìíràn, ó ń gé iná ọpọlọ ẹ̀rọ pẹ̀lú. A mọ ẹni tó fi odindi ọ̀sán wá ohun tí àtàǹpàkò òun fúnra rẹ̀ ti pa.

Sítátà ló ń já tiwa, nítorí náà ọ̀nà iná ni a tọ̀. Bátìrì ní volt 12.5; bí a bá tẹ sítátà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí 10.4. Ìyẹn kò burú.

Ó ku ohun tí ìwé Faransé ń pè ní masse. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pe orúkọ yìí lójoojúmọ́ láìbéèrè ohun tó jẹ́. Wáyà ìpadàbọ̀ ni ọ̀gá wa ń pè é. A fẹ́ràn orúkọ yìí ju ti Faransé lọ, kì í ṣe nítorí pé tiwa ni, bí kò ṣe pé ó ń sọ iṣẹ́ tí wáyà náà ń ṣe. Ilé làbọ̀ sinmi oko: iná tó jáde lára bátìrì gbọ́dọ̀ padà sí bátìrì. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ló gbọ́ orúkọ náà tó sì béèrè pé, “Ọ̀gá, ọ̀nà àlọ la ti wò. Ta ló wo ti àbọ̀?”

Ó fi ẹnu mítà kan kan orí òdì bátìrì, ó fi èkejì kan wáyà ìpadàbọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ, ó ní kí a tẹ sítátà. Mítà kọ 2.3. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Nínú 10.4 tí bátìrì ní, nǹkan bí 8 péré ló ń ṣiṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ. Ó ń kú, ó ń jí, kọ̀ǹpútà sì ń wá ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

A tú ìjókòó. Wọ́n ti tún ara alùpùpù náà kùn ní ọ̀dà pupa, wọ́n sì ti de wáyà bátìrì mọ́ orí ọ̀dà. Bóòtù náà kò le dáadáa. Bí alùpùpù bá ń gbọ̀n lórí òkè, òun náà á máa mì. Sáńpépà ni a fi ha ọ̀dà kúrò títí irin fi ń dán, a sì de bóòtù le. Mítà kọ 0.1. A tẹ sítátà, ẹ́ńjìnnì gbiná, ìsopọ̀ kò já. Onízémidjan náà gun òkè lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó sì ti rí èrò gbé lẹ́nu ọ̀nà wa kí ó tó lọ.