Owó Alábàárìn

Yorùbá kò ṣàìní orúkọ fún ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin ń rí lóṣooṣù: nǹkan oṣù ni, àwọn àgbà a sì máa pè é ní àṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà bá dá, gbólóhùn la fi ń ròyìn rẹ̀. A ní obìnrin náà kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́, tàbí pé ó ti kúrò lọ́mọ bíbí. Ohun tó lọ ni gbólóhùn méjèèjì ń sọ. Kò sí èyí tó sọ ohun tó dé. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dé kò kéré. Họ́mòònù tí ilé ẹyin ń pèsè á dín kù, ooru á ṣàdédé gba àyà àti ojú, òógùn á rin aṣọ ìbùsùn, oorun á dá lójú, oríkèé á máa ro, ojú ara á gbẹ, orúkọ ẹni tí a mọ̀ dáadáa á sọnù lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín ọdún 45 sí 55 ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin, àwọn dókítà kì í sì í sọ pé nǹkan oṣù ti dá títí obìnrin yóò fi lo oṣù 12 gbáko láìrí i. Àwọn ọdún tó ṣáájú oṣù 12 yẹn ló ń rúni lójú, torí pé obìnrin ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì ní lọ síbẹ̀. Ibà ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú. Bí ibà kò bá lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe òun.

Òwò kan ti ń dìde ní Ìlú Ọba lórí àìmọ̀ yìí. Láti ìgbà tí Davina McCall, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, ti ṣe ètò kan lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2021, ohun tí wọ́n ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti bọ́ sí ìta gbangba, àwọn obìnrin kan sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́: wọ́n ń gbowó láti bá ẹlẹgbẹ́ wọn la àsìkò náà já. Kóòṣì ni wọ́n ń pe ara wọn. Kóòṣì tí àwa mọ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni tó ń pariwo létí pápá. Iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí kò ní ariwo nínú, nítorí náà alábàárìn ni n ó máa pè é. Ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún, pàápàá èyí tó ti ṣe nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, lè fẹ́ dá irú òwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ẹlẹ́dè rẹ̀. Lójú tèmi, òwò gidi ni, owó rẹ̀ sì mọ́, bí ohun tó ń tà bá jẹ́ àkókò, etí àti ìmọ̀ ọ̀nà. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwòsàn ni owó náà dọ̀tí.

Wọ́n á sọ fún alábàárìn pé àwọn ìyá wa la àsìkò yìí kọjá láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò dá là á kọjá. Ìyálé, ìyàwó àti ìyá àgbà ló wà nínú agbo ilé. Ẹni tí ooru lé dìde lóru lè bá ẹlòmíràn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹfààní náà ń bá a wá: àwọn ojúbọ kan wà tí obìnrin tó ń rí àṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀, tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá. Obìnrin tó ń fi wákàtí 12 tọ́jú aláìsàn ní Manchester, tó sì ń dá gbé yàrá kan, kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn kankan fún un. Pé àwọn ìyá wa kò sọ ọ́ síta, ìyẹn náà kò ní kó má dùn wọ́n. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SWAN, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996, gbé àbájáde kan jáde ní 2015: nínú àwọn obìnrin tí ooru ń mú léraléra, ó lé ní ọdún 7 tí ìdajì wọn fi bá a yí. Ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló pẹ́ jù, ọdún 10 àti díẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kà á, n kò sì ní fi búra pé bákan náà ló rí ní Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹni tó ń sọ pé oṣù mélòó kan ni lẹ́nu mọ́.

Ìbéèrè tó wúwo jù ni pé, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ dókítà nìyí? Iṣẹ́ dókítà ni ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni dókítà àdúgbò ń fún aláìsàn kan ní Ìlú Ọba, obìnrin tiwa á sì fi méjì kí i níbẹ̀, á ní ara kàn rẹ òun ni, á gba oògùn orí fífọ́ relé. Ọ̀rọ̀ ojú ara, kò ní lè là á fún ọkùnrin tí òun lè bí lọ́mọ. Ibí ni alábàárìn ti wúlò. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà, wọn á jọ máa kọ ọ́ sílẹ̀: iye ìgbà tí ooru gbé e, òru tí kò sùn, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wá àti ọjọ́ tí kò wá. Wọn á wá ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè gbé. Wọn á sì tú ẹ̀rù palẹ̀, torí pé ẹ̀rù oògùn họ́mòònù, èyí tí dókítà lè kọ fún un, ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà dá apá kan ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní WHI dúró lójijì nígbà tí wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo àpapọ̀ họ́mòònù méjì, ọ̀pọ̀ obìnrin sì da tiwọn nù. Ohun tí kò tètè dé etí wọn ni pé nǹkan bí obìnrin 8 nínú 10,000 lọ́dún ni àfikún náà, àti pé ọdún 63 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n lò fún ìwádìí náà. Alábàárìn kò láṣẹ láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni lò ó tàbí kó má lò ó. Tirẹ̀ ni kí ìbéèrè tó péye bá obìnrin náà wọlé dókítà.

Ibi tí ara ti ń fu mí ni pé òfin Ìlú Ọba kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ìdánwò kankan kó tó pe ara rẹ̀ ní kóòṣì. Ó lè jẹ́ aṣọ ló ń tà lánàá, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ họ́mòònù lónìí. Owó àkókò kì í yára pọ̀, owó ìyẹ̀fun amáralókun inú ike àti ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń yára. Ìdẹwò náà kò sì ní pẹ́ dé. NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní England, ti sọ láti 2015 pé obìnrin tó ti lé ní ọdún 45, tí àwọn àmì wọ̀nyí wà lára rẹ̀, kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó mọ̀ pé àsìkò ti tó. Ẹni tó ń tà á fún un ń tajà tí kò wúlò. Èyí tó tún léwu ju ìyẹn lọ ni ẹ̀jẹ̀ tó jáde lẹ́yìn tí oṣù 12 ti kọjá. Kì í ṣe nǹkan oṣù ló padà dé. Ó lè jẹ́ ohun tí kò tó nǹkan, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ wò ó láìjáfara. Láàárín tiwa, níbi tí gbogbo ìjọ ti mọ ìtàn Sárà tó bímọ lọ́jọ́ ogbó, ẹlòmíràn lè gba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ ìyanu, kó máa fi ìdúpẹ́ sún dókítà síwájú. Alábàárìn tó gbọ́ ọ, tó tún ń bá ìjókòó rẹ̀ lọ, ti ṣe ibi. Ó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ kìíní pé bí a bá gbọ́ irú rẹ̀, ìjókòó parí, dókítà ló kàn.

Wọ́n á tún ní ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ dára, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ̀, ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbowó ti wọ àdéhùn. Òfin Ìlú Ọba sì ka ìròyìn ìlera ẹni sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju ìròyìn mìíràn lọ, ẹni tó bá jẹ́ kó jò lè jẹ́jọ́. Ohun tí n kò lè jiyàn rẹ̀ ni pé àwọn tó nílò alábàárìn jù, ìyẹn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé arúgbó, kò ní lè san án. Wọ́n lè kó ara wọn jọ bí ẹni ń dájọ, kí ènìyàn mẹ́fà pín owó ẹnì kan. Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìdọ́gba ní Ìlú Ọba là á yé àwọn agbanisíṣẹ́ pé bí àmì àsìkò yìí bá ni obìnrin lára gan-an fún ìgbà pípẹ́, ó lè bọ́ sábẹ́ òfin ìdọ́gba ti 2010, kó sì di dandan fún wọn láti tún nǹkan ṣe fún un: fáànù, aṣọ iṣẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, àyípadà wákàtí. Àwọn ọ̀gá nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún wọn, wọ́n sì lówó lọ́wọ́. Kí alábàárìn gba iye tó tọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ lọ́sàn-án, kó lè dín in kù fún obìnrin tó máa pè é láago mọ́kànlá alẹ́, nígbà ìsinmi kékeré láàárín iṣẹ́ òru.