Bàbá Tí Ó Gbé Ọmọ Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ibi tí ọmọdé bá ń nawọ́ sí tí ó ń sunkún, bí ìyá rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, baba rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wà lókè òfuurufú, tí ó di etí ara rẹ̀ mú, tí ó ń ké, tí gbogbo èrò ọkọ̀ sì kọjú sí baba rẹ̀, kí ni kí baba náà ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín, ọlọ́jà àti olùkọ́ bíi tèmi, ni ọ̀nà ilẹ̀ ti sú, tí ẹ sì ti ń ro ti ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n tí ọmọ kékeré tí ó wà lọ́wọ́ yín ń dẹ́rù bà yín.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí mo ń sọ yìí, ó rí iṣẹ́ ìjọba sí Àbújá. Ọmọkùnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́ta nígbà náà. Yàrá kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tí ó wọ̀ sí lọ́dọ̀ ní, tòun tọmọ mẹ́ta, nítorí náà a jọ pinnu pé kí ọmọ wa wà lọ́dọ̀ èmi àti ìyá mi ní Ìbàdàn títí tí ìyá rẹ̀ yóò fi rí ilé gbà. Oṣù méje ni ó gbà á. Lójú fóònù ni ìyá àti ọmọ ti ń rí ara wọn ní alaalẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí pe fóònù náà gan-an ní "Màámi." Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ni ó pè mí, bí ó sì jẹ́ ẹni tí ó ṣi nọ́ńbà pè ni, bí fóònù bá ti dún, ọmọ a sáré wá, a ní, "Màámi! Màámi!" Àwa tí a wà nílé ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Bàbá ọmọ, ẹ gbé e wá fún mi."

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà tí ó gba Lọ́kọ́ja lọ sí Àbújá. Odidi ọjọ́ kan ni, bí ọkọ̀ kò bá bàjẹ́, ẹ sì ń gbọ́ ohun tí à ń gbọ́ nípa àwọn ajínigbé. Láti Ìkẹjà sí Àbújá, bíi wákàtí kan ni ọkọ̀ òfuurufú ń lò. Mo wádìí owó rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 2 lè jókòó lórí itan òbí rẹ̀, owó rẹ̀ a sì máa jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbàlagbà. Ọjọ́ tí ó bá ti pé ọdún 2, ó di dandan kí ó ní ìjókòó tirẹ̀. Oṣù méjì péré ni ó kù fún tiwa. Àjọ tí àwa olùkọ́ ń dá bọ́ sí mi lọ́wọ́ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo fi san owó ọkọ̀. Ti àárọ̀ kùtùkùtù ni mo yàn, nítorí bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná dé ọ̀sán ni ìkúukùu òjò ńlá sábà máa ń gbá jọ, òun ni ó sì ń mi ọkọ̀ jù.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n ládùúgbò wa. Ìyá kan tí ó jẹ́ aládùúgbò ní kí n ra oògùn olómi kan, kí n fún ọmọ ní ṣíbí kan, yóò sùn títí a ó fi dé. Ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ti mu ún rí. Ṣùgbọ́n mo ka orúkọ tí ó wà lára ìgò náà, mo rí i pé promethazine ni. Àwọn oníṣègùn kìlọ̀ gidigidi pé a kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní oògùn yìí, nítorí ó lè dí i ní èémí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, mo dá ìgò rẹ̀ padà. Ìyá mi ní, "Ìwọ lo ni ọmọ rẹ." Òun ni ó po ẹ̀kọ mímu sínú kọ́ọ̀bù onímu tí ọmọ fi ń mu nǹkan, tí ó sì di búrẹ́dì àti aṣọ ìpààrọ̀ méjì sí i.

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, wọ́n gba ìwé ìbí ọmọ wò kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí tọ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé láti ẹnu ọ̀nà títí dé inú ọkọ̀, ènìyàn márùn-ún ni ó bi mí pé, "Ìyá rẹ̀ dà?" Obìnrin mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n gbé ọmọ lọ́jọ́ náà, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi èyíkéyìí nínú wọn pé, "Baba rẹ̀ dà?"

Màmá kan tí ó ń ta aṣọ òkè ni ó jókòó tì mí. Ó kó ẹrù lọ fún àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Àbújá. Òun náà bèèrè: "Ọkọ mi, ìyá ọmọ ńkọ́?"

Mo ní, "Àbújá ni ó wà, Mà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni à ń lọ."

Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó ní, "Ó káre." Láti ìgbà náà ni ó ti di ara wa.

Ọmọbìnrin tí ń tọ́jú èrò mú bẹ́líìtì kúkúrú kan wá, ó fi í kọ́ ara bẹ́líìtì tèmi, ó sì dè é mọ́ ọmọ níkùn. Mo bi í léèrè ìdí tí a kò fi lè fi bẹ́líìtì kan náà yí àwa méjèèjì ká. Ó ṣàlàyé pé bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ara mi ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì náà, yóò sì pa á lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí wọn kò bá mú bẹ́líìtì ọmọ wá fún yín, ẹ bèèrè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí a máa rò pé ọwọ́ àwọn tó láti di ọmọ mú. Kò tó. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1989, ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó ń ti Denver lọ sí Chicago ní Amẹ́ríkà bàjẹ́ lójú ọ̀run, ó sì já lulẹ̀ ní Sioux City. Ènìyàn 296 ni ó wà nínú rẹ̀, 112 kú. Ọmọ kékeré mẹ́rin ni kò ní ìjókòó tiwọn. Ohun tí ìlànà ìgbà náà wí ni pé kí àwọn òbí wọn tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n dì wọ́n mú. Nígbà tí ọkọ̀ kan ilẹ̀, ọwọ́ òbí kò lè dá wọn dúró. Ọ̀kan nínú wọn kú. Jan Brown, olórí àwọn tí ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ náà, yè, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà láti bẹ ìjọba Amẹ́ríkà kí wọ́n pa á láṣẹ pé ọmọ gbogbo gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tí a dè é mọ́.

Ìjọba kò gbà. Ní ọdún 2005 wọ́n ní bí a bá fi dandan gba owó ìjókòó fún ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ òbí yóò padà sí ọ̀nà ilẹ̀, ọ̀nà ilẹ̀ sì ń pa ènìyàn ju ti òfuurufú lọ. Mo ro ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lọ, mo rò ó bọ̀. Mo gbà pé ẹni tí ó bá lágbára kí ó ra ìjókòó fún ọmọ rẹ̀, kí ó sì mú àga ọmọdé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà bá fọwọ́ sí dání. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tí ó gbé ọmọ lé itan pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀, sàn fún ọmọ náà ju ẹni tí ó gbé e gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ.

Nígbà tí a gbéra, ọmọ tẹ ojú mọ́ fèrèsé. Ó rí ìkúukùu, ó ní, "Òwú." Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a kọjá Odò Ọya ni ọkọ̀ já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí ó ṣìnà tẹ kòtò. Ike omi fò kúrò níwájú ẹnì kan, àwọn èrò kígbe "Jésù!" àti "Áláàhù!" Mo gbọ́ bí ara ọmọ mi ti gbé nílẹ̀ kúrò lórí itan mi, tí bẹ́líìtì kékeré náà sì dá a padà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un ṣe.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ ni ẹkún dé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ti ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá wà lókè, wọ́n ń ṣètò afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kí ó lè rí bí ẹni pé a wà lórí òkè tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Bí a bá ń bọ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta a máa tẹ ìlù etí wọ inú. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láti ẹ̀yìn ọ̀fun dé ẹ̀yìn ìlù etí, tí ó yẹ kí ó ṣí kí afẹ́fẹ́ ibi méjèèjì lè dọ́gba. Ti ọmọdé kéré, kò sì dagẹ̀rẹ̀ bíi ti àgbà, kì í tètè ṣí. Gbígbé nǹkan mì ni ó ń ṣí i. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọmọ máa sùn nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jí i, ẹ fún un ní ọmú tàbí ohun mímu. Bí òtútù bá sì dí ọmọ nímú, ẹ kọ́kọ́ fi hàn oníṣègùn kí ẹ tó gbé e wọ ọkọ̀.

Mo fún ọmọ mi ní ẹ̀kọ, ó mu díẹ̀, ó ti kọ́ọ̀bù dànù, ó ń ké. Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ rẹ ọmọ yẹn lẹ́kún, ó ti tó!"

Màmá aláṣọ òkè kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ọ̀gá, etí ni ó ń dùn ún. Ẹ wá bá a gba etí náà dání, kí ó lè dákẹ́." Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ó wá já búrẹ́dì wẹ́wẹ́, ó ń fi í sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ti ń gbé e mì ni ẹkún ń rọlẹ̀. Ẹkún gan-an pàápàá a máa ran ihò náà lọ́wọ́ láti ṣí. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín bí ọmọ bá ké nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì gbé ọmọ lọ́jọ́ náà, ẹ ní sùúrù. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.

Ìyàwó mi dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ní Àbújá. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ wò ó, ó fi orí pamọ́ sí mi lọ́rùn, ó sì tọ́ka sí àpò mi níbi tí fóònù wà, ó ní, "Màámi." Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀. Ó mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó pè mí. Fóònù dún lápò mi, mo yọ ọ́, mo gbé e sí ọmọ létí. Ìyá rẹ̀ pe oríkì rẹ̀ sínú fóònù níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ wo fóònù, ó wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó tún wo fóònù. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, tí ó na ọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ní irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ẹ lọ kí ọmọ tó pé ọdún 2 bí owó bá ṣòro, ẹ mú ìwé ìbí rẹ̀ dání, ẹ bèèrè bẹ́líìtì ọmọ, ẹ má fún un ní oògùn oorun, kí ẹ sì fi ohun mímu pamọ́ de ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ó kù, ẹni tí ó bá jókòó tì yín yóò bá yín ṣe é. Ó dìgbà kan ná.