Pípa Gbígbọ̀n Ojú Gémù Kì Í Ṣe Màgòmágó

Nínú Nuclear Throne, gémù tó jáde ní 2015, bí ìbọn bá ṣe lágbára tó ni ojú gémù ṣe ń gbọ̀n tó. Ó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n òòyì ló ń kọ́ àwọn mìíràn, èébì a sì máa gbé wọn. Ìdí ni pé ojú ń sọ pé ara ń mì, ṣùgbọ́n etí inú ń sọ pé a jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn kan wá ní ẹni tó bá pa gbígbọ̀n yẹn ń rẹ́ àwọn yòókù jẹ, torí yóò ríran yìnbọn jù wọ́n lọ. Rárá o. Gémù Celeste ti ọdún 2018 gbà kí èèyàn pa gbígbọ̀n ojú gémù, ó ṣì le koko. Ẹ̀yin tó ń ṣe gémù, bí ìbọn bá ti lágbára jù, ẹ dín ọta rẹ̀ kù dípò kí ẹ fi gbígbọ̀n dí ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́. Ẹ má fi òòyì jẹ ẹni tó wá ṣeré níyà.