Koríko Iwájú Ilé ní Ilẹ̀ Ọ̀gbẹlẹ̀

Olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ díẹ̀ nípa ibi tí mo ń gbé. Koríko ni mo yàn láti kọ̀wé nípa rẹ̀. Èyí lè pa àwọn tí a jọ sùn ní yàrá kan náà lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀tá ni koríko jẹ́ fún wa nígbà náà. Àdá ni a fi ń kí i. Bí olúkúlùkù bá ti gé pọ́ṣọ̀n tirẹ̀ tán ní ọjọ́ Sátidé, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, òjò yóò ti gbé e dìde. Kò sí ẹni tí ó rò nínú wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò máa bẹ koríko kí ó má kú.

Ìlú Calgary, ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́. Etí ọ̀dàn ńlá ni ìlú náà wà, àwọn òkè Rocky sì dúró ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Àwọn òkè wọ̀nyí ni ó ń gba ọ̀pọ̀ òjò tí ń bọ̀ láti Òkun Pàsífíìkì sílẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá ro òjò àti yìnyín ọdún kan pọ̀ ní Calgary, nǹkan bí 420 mìlímítà ni; ti Ìbàdàn a máa ju 1,200 lọ. Ní ìgbà òtútù pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ kan tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n ń pè ní Chinook, a máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. A yọ́ yìnyín, a sì gbẹ ilẹ̀ bí ọyẹ́ ti ń ṣe. Nígbà tí John Palliser rin ọ̀dàn yìí láàrin ọdún 1857 sí 1860, ó ròyìn pé apá kan ní gúúsù rẹ̀ gbẹ jù fún iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Koríko ìbílẹ̀ ọ̀dàn náà mọ ilé tí a bí i sí: gbòǹgbò ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa wọlẹ̀ ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní iwájú ilé wa ni Kentucky bluegrass, tí àwọn ará Yúróòpù gbé wá. Ó lẹ́wà, ó sì rọ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ ń wà. Nítorí náà, òùngbẹ a máa tètè gbẹ ẹ́.

Bàbá àgbà kan ní àdúgbò wa, àgbẹ̀ àlìkámà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó kọ́ mi ní ìtọ́jú rẹ̀. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ má ṣe fún un lómi lójoojúmọ́.” Omi díẹ̀díẹ̀ kì í rin ju òkè ilẹ̀ lọ, ibi tí omi bá sì wà ni gbòǹgbò ń dúró sí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó bí òjò kò bá rọ̀, kí omi náà tó 25 mìlímítà. Agolo sàdíìnì òfìfo ni mo fi ń wọ̀n ọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ ìfọ́nmi, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ tó gba tiwọn. Bí amọ̀ bá le tí omi ń ṣàn sí títì, mo dá a dúró kí ilẹ̀ kọ́kọ́ mu ún.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ọjọ́ ìbẹ̀wò ní ilé-ìwé wa. Àwọn òbí wa kì í wá lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, ṣùgbọ́n wọn kì í wá lọ́wọ́ òfo. Láàrin ọjọ́ ìbẹ̀wò kan sí èkejì ni a kọ́ bí a ti ń wá omi fún ara wa.

Gígé koríko níbí yàtọ̀ sí ti ilé-ìwé. A kì í gé e mọ́lẹ̀. Mo ń fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méje, n kì í sì í gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ewé tí ó gùn a máa ṣíji bo ilẹ̀. Èyí tí mo gé, mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó jẹrà di ajílẹ̀. Abẹ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mú, nítorí abẹ tí ó kú a máa fa ewé ya, orí ewé a sì gbẹ.

Sùúrù ni ó ṣòro jù. Bí oṣù keje bá ti parí, koríko lè gbẹ kí ó sì pọ́n bí ewé ìgbà ọyẹ́. Kò kú, ó sùn ni. Ẹ̀mí ṣì wà ní ìdí rẹ̀, omi díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì tó láti pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ojú a máa ti àwọn ìdílé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Wọ́n ń bẹ̀rù pé aládùúgbò yóò pe àwọn ní ọ̀lẹ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2024, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá omi tí ó tóbi jù ní ìlú wa bẹ́. A fi òfin de bíbomi rin koríko, a sì rọ olúkúlùkù kí ó dín omi ilé rẹ̀ kù. Òfin náà tún padà ní òpin oṣù kẹjọ, nígbà àtúnṣe. Ìyàwó mi ń gbe omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ sínú báàfù. Báàfù kan péré ni lóòjọ́. Ta ni kí a fún: koríko, tàbí igi ápù kékeré tí a gbìn ní ọdún tí àbíkẹ́yìn wa wọ yunifásítì? Bàbá àgbà náà dá wa lóhùn pé koríko lè sùn kí ó sì jí, ṣùgbọ́n bí igi bá kú, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kú. Igi ni a fún. Koríko pọ́n títí yìnyín fi bò ó. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó hù padà, àfi ní ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí a ti fún irúgbìn fescue tí ó ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀.

Bí ẹ bá wá kí wa ní oṣù kẹjọ, tí ẹ sì bá iwájú ilé wa ní gbígbẹ, ẹ má ṣe bá wa kẹ́dùn. Ẹ yà sí ẹ̀yìn ilé. A óò já ápù fún yín jẹ.