Aago Méje Àárọ̀ ní Dùgbẹ̀

Ariwo Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn láàárọ̀ kì í lórí, kì í nídìí. Takisí Micra ń fun fèrè, wọ́n ń pe Mọ́kọ́lá, wọ́n ń pe Challenge, epo àkàrà ń ta ṣáṣá, ẹni tó ru búrẹ́dì ń wá ọ̀nà láàrin ọ̀kadà méjì. Cocoa House wà lókè gbogbo wọn bó ti wà láti 1965. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, nígbà tí aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ìró kan ṣoṣo ni etí mi mú. Pà!

Ọ̀dọ̀ oníwèé ìròyìn tó tẹ́ ọjà sẹ́bàá títì ló ti ń wá. Ó ti fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ orí ìwé kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ má baà gbé wọn lọ, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá sì yí i ká, wọ́n tẹ ọrùn, wọ́n ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàrin wọn ra tirẹ̀. Jẹ́sì Shooting Stars tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti ń ṣí ló wọ̀, ó gbé báàgì irinṣẹ́ tó fi ń tún fóònù ṣe kọ́ èjìká. Ó ti ká ìwé náà róbótó. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ká a lára, á fi í lu àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ bi mí ta ló ń ṣọ́ gólù fún Chelsea. Ẹ bi mí ta ni wọ́n lé jáde nílé Big Brother. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín?" Pà!

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹnì kan wúkọ́, ó ń bá àkọlé tó ń kà lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà ń fò láti orí ẹ̀ka kan sí èkejì. Ó sọ ti Super Eagles tí Ivory Coast fi ayò méjì sí ẹyọ kan borí ní àṣekágbá ife Áfíríkà, oṣù Kejì 2024. Ó ṣì ń dùn ún. Ó sọ ti àwọn tó ń fi fóònù dìbò fún ọmọ tí wọn kò rí rí àfi lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọn kò sì jáde dìbò ládùúgbò. Ní 2023, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Nàìjíríà. Àwọn tó dìbò ààrẹ kò ju bíi mílíọ̀nù 25 lọ. "Mo máa ń sanwó wọlé ní pápá ìṣeré Adámásìngbà," ló wí. "Bí ẹni tó wọ nọ́ńbà 9 bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, mo lè pariwo sí i lórúkọ, á sì gbọ́. Alága káńsù ńkọ́?" Pà!

Òótọ́ ló ń sọ, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Ní oṣù Kẹrin 2024, ipò alága 33 ni wọ́n dìbò fún ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ìpínlẹ̀ nígbà náà ló kó gbogbo rẹ̀. Ní Èkó, níbi tí ẹgbẹ́ mìíràn ti wà lórí àlééfà, wọ́n dìbò fún 57 ní oṣù Keje 2025, ẹgbẹ́ tiwọn náà kó gbogbo 57. Ìdíje tí a ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó fọn fèrè, ta ló máa jí lọ wò ó? Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà má dì í mú mọ́. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá dọ́wọ́ ẹni tí àdúgbò kò mọ̀, ta ni yóò bi í pé kí ló fi ṣe?

Bàbá kan tó dé fìlà abetí ajá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ìlú yìí ti ṣe bẹbẹ rí. Níbí ni wọ́n ti tan tẹlifíṣọ̀n, ọdún 1959, kí ìlú míì ní Nàìjíríà tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1976, Shooting yìí kan náà gba ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà lọ́wọ́ Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ Roger Milla! Kó tó dìgbà náà, ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan ò tíì gba irú ẹ̀ rí."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n gọ́tà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ò mọ 1976."

"Gọ́tà!" Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bàbá. "Ìwọ ò bá Omíyalé. Oṣù Kẹjọ 1980. Odò Ògùnpa kó ilé, ó kó èèyàn."

Ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Bí òjò bá ti ṣú lóru ní oṣù Kẹjọ, kò ní sùn mọ́. Á jí wa, a ó máa gbé àpò ìrẹsì àti ìwé wa sórí tábìlì, á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí òjò á fi dá, iná àtùpà lọ́wọ́. Pàǹtí ló dí odò nígbà náà. Pàǹtí ṣì wà nínú gọ́tà títí dòní.

Ìyá alákàrà tó ti ń gbọ́ wọn bọ̀ gbé ṣíbí oníhò kúrò nínú epo.

"Ọmọ mi, wọ́ọ̀dù wo lò ń gbé?"

Ó dárúkọ rẹ̀.

"Mo mọ káńsẹ́lọ̀ yẹn. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ń gbé." Ó dárúkọ ọkùnrin náà àti ojúlé rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà tú ìwé ìròyìn tó ká, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó tọrọ bírò lọ́wọ́ oníwèé, ó sì kọ ọ́ sétí ojú ewé eré ìdárayá.

"Ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, Màmá?"

"Wá lọ́la. Màá ti gbà á lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀."

Ó yíjú sí Bàbá. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, sà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ti Ògùnpa fún un."

"Nígbà wo?"

"Sátidé, aago mẹ́jọ."

"Kí oòrùn tó mú," ni Bàbá wí. "Èmi á mú ọ̀rẹ́ mi méjì dání."