Ọgọ́ta Ọjọ́ ni Wọ́n Fún Àbẹ̀kẹ́ àti Ọkọ Rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Lẹ́tà náà kò gùn rárá. Inú bọ́ọ̀sì ni Àbẹ̀kẹ́ ti kà á lórí fóònù rẹ̀, ó sì kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó mú un wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà, ọgọ́ta (60) ọjọ́ ló ní láti fi wá iléeṣẹ́ mìíràn tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá rí, kí òun àti ọkọ rẹ̀ palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ọdún 2024 nìyẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Àbẹ̀kẹ́ àti Àkànní, oríkì wọn nìyẹn o, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn. Ọmọ Ìbàdàn làwọn méjèèjì. Olùkọ́ ni ìyàwó. Báńkì kan ní Dùgbẹ̀ ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló sì ń kí i ní "Máníjà", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí àpótí tí wọ́n ti ń ka owó ló ń jókòó sí.

Oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ títọ́jú arúgbó fún àwọn àjèjì. Nígbà náà, ẹni tó bá rí iṣẹ́ yìí gbà lè mú ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ dání, tọmọtọmọ. (Oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ìyẹn pa.) Ajẹ́ǹtì kan gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá wọn nílé. Àkànní ta mọ́tò Corolla rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fún un ní Àkóbọ̀. Wọ́n kó owó fún ajẹ́ǹtì, ó kó ìwé fún wọn, kò sì sí rìsíìtì kankan níbẹ̀.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n dé. Ní ọjọ́ kejì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, ojú ọ̀run sì ń ṣú. Àkànní ní òjò ń bọ̀, kí ìyàwó òun sáré lọ ká aṣọ. Òjò wo? Ilẹ̀ ló ń ṣú! Nínú ọyẹ́ ilẹ̀ òyìnbó, oòrùn á ti wọ̀ kó tó di pé àwọn ọmọ ilé ìwé wa délé jẹ àmàlà ọ̀sán tán. Ìgbà tí oṣù kẹfà dé ni wọ́n rí òdìkejì rẹ̀: aago mẹ́sàn-án alẹ́, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Àkànní ní òun ò mọ ìgbà tí èèyàn ń sùn ní ìlú yìí.

Wọn ò rí odidi ilé gbà. Gbogbo onílé tí wọ́n bá lọ ló ń bèèrè onídùúró tó ń ṣiṣẹ́ nílùú náà, tàbí owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1986 ló fún wọn ní yàrá kan nínú ilé rẹ̀ ní Peckham. Ibẹ̀ dùn díẹ̀. Bí ẹ bá rìn ní Rye Lane, ẹ ó rí iṣu, èlùbọ́, ata rodo àti pọ̀ǹmọ́, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá bí ẹni pé Ògùnpa lẹ wà. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ dín ata, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n kàn mọ́ àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n ń lù. Àkànní ti sáré délẹ̀kùn tòun ti àpótí ìwé ìrìnnà wọn kí ìyá tó ní, "Ẹ padà wá, èéfín ló gbọ́!"

Iṣẹ́ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wákàtí mọ́kàndínlógójì (39) lọ́sẹ̀ ló wà nínú ìwé tí Àbẹ̀kẹ́ fọwọ́ sí ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n ń fún un. Ilé dé ilé ló ń lọ, ó ń wẹ arúgbó, ó ń fún wọn ní oògùn, ó ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Wákàtí tó ń lò nínú bọ́ọ̀sì láàárín ilé sí ilé, wọn ò kà á sí owó. Máníjà Dùgbẹ̀, ẹ gbọ́, ó ń dìde ní aago mẹ́ta òru lọ gbá ọ́fíìsì àwọn ẹlẹ́ni. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ nílé. Ìyá ń pè é lórí fóònù pé òrùlé ń jò, ṣé ọmọ òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á jẹ́ kí òjò máa pa òun ni?

Àkànní fi ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ránṣẹ́. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Owó yàrá oṣù yẹn ni.

Ní Ìbàdàn, "ẹ" ni Àbẹ̀kẹ́ ń fọ̀ sí ọkọ rẹ̀, nítorí ọkọ ni, ọdún márùn-ún ló sì fi jù ú lọ. Alẹ́ ọjọ́ tó mọ̀ nípa owó náà, ó dìde dúró tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní, "Ìwọ! Ta lo bi kí o tó mú owó ilé?"

Ilé pa rọ́rọ́. Ìyá Ìjẹ̀bú gbé ṣíbí sílẹ̀ nílé ìdáná. Àkànní ò fèsì. Ó wọ kóòtù, ó fẹsẹ̀ rìn dé Camberwell nínú òtútù, ó tún fẹsẹ̀ rìn padà. Láti ọjọ́ náà, "Màdáàmù" ló ń pe ìyàwó rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ irú Màdáàmù tí à ń wí. Ìyá pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń sọ níbi iṣẹ́ látàárọ̀, ṣé 'ẹ' wà níbẹ̀?" Kò dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń gbé yàrá kan náà nìyẹn, tí oṣù ń gorí oṣù, kí lẹ́tà ọgọ́ta ọjọ́ tó dé.

Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ délé lálẹ́ náà, ó gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àkànní kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ mú ìwé àjákọ kan, ó fi rúlà fa ìlà sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe ní báńkì: orúkọ iléeṣẹ́, ọjọ́ tí a kọ̀wé sí wọn, èsì. Lójoojúmọ́, bó bá ti ti ibi iṣẹ́ ìgbálẹ̀ dé, yóò kọ lẹ́tà, ìyàwó yóò tẹ fóònù. Ojú ìwé mẹ́ta kún. Àwọn kan ò fèsì. Àwọn kan ní àwọn ò gba onífísà. Ọkùnrin kan pè lálẹ́, ó ní kí wọ́n mú ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pọ́n-ùn wá, iṣẹ́ á délẹ̀. Àkànní pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyàwó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ kejìléláàádọ́ta (52) ni ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Kent, létí òkun, fèsì pé àwọn yóò gbà á. Wọ́n fi ìwé físà tuntun sílẹ̀ nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Òfin sì gbà kí ẹni tó bá tètè kọ̀wé ṣáájú kí ọjọ́ tó pé máa gbé ìlú lọ títí èsì yóò fi dé. Oṣù kan àti ààbọ̀ lèsì fi pẹ́. Ẹ ò rí i, ìgbà tí wọ́n wá mọ ibi tí ata ti pọ̀ ní Peckham ni wọ́n ní láti kó lọ síbi tí wọn ò mọ ẹnì kankan.

Ìyá Ìjẹ̀bú bá wọn gbé báàgì dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó di èlùbọ́ àti ata gbígbẹ fún wọn, ó ní kí wọ́n máa ṣí fèrèsé kí wọ́n tó dín nǹkan. Ọkọ̀ gbéra. Àbẹ̀kẹ́ wo abẹ́ ìjókòó, ó wo òkè.

"Ṣé o gbé báàgì èlùbọ́?"

Àkànní ní, "Ó wà lẹ́sẹ̀ mi níbí."